Sìkíọ́rítì Ti Kúrò Láàárín Ìlú, Ó Ti Dé Ẹnu Ọ̀nà

Ká ti ibi tó dùn bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìkanra ló ń dà wá láàmú. Ẹsẹ̀ géèmù náà dára. Ẹni tó bá ti gbá Skate rí, yálà ti ọdún 2007, ti 2009 tàbí Skate 3 ti 2010, tó wá di páàdì mú lórí tuntun tí wọ́n ṣí fáráyé ní ọjọ́ 16 oṣù September ọdún 2025, á ti mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan pé ọwọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ ló wà lára ẹ̀. Ẹ fa sítíìkì ọwọ́ ọ̀tún wálẹ̀, ọmọ orí pákó á lóṣòó. Ẹ ta á sókè, pákó á bá a fò. Ẹ ta á gba ẹ̀gbẹ́, pákó á yí bírí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó balẹ̀. Flick-It lorúkọ ọgbọ́n yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún wà níbẹ̀ bó ṣe wà, kódà ó tún mọ́ sí i.

Nínú Tony Hawk's Pro Skater, bọ́tìnì lẹ máa tẹ̀, iṣẹ́ ìyanu á sì ṣẹlẹ̀: ẹ ó fò kọjá títì, ẹ ó yí po lẹ́ẹ̀mẹ́ta lófuurufú, ẹ ó balẹ̀ sórí wáyà tẹlifóònù, ẹ ó máa fi pákó họ ọ́ lọ. Ó dùn, a ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n nínú Skate, àtẹ̀gùn mẹ́rin péré lè gba odidi ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ ó ṣubú, ẹ ó padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó tún ṣubú. Ìgbà tó bá wá bọ́ sí i, ẹ ò ní pariwo, ẹ ó kàn mí kanlẹ̀. Géèmù tó lè fi àtẹ̀gùn mẹ́rin mú ọmọ aráyé jókòó báyìí kì í ṣe géèmù yẹpẹrẹ. Ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi fi ọdún 15 dúró dè é. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ṣàṣà ni ohun tí EA gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ì báà jẹ́ ti bọ́ọ̀lù tàbí ti ogun, tí ẹnìkan ò ní wá kọ “Skate 4” sábẹ́ ẹ̀. Ní ọdún 2020 ni EA wá gbà pé àwọn gbọ́, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún Full Circle ní Vancouver ní Kánádà.

Nígbà tó dé, wọn ò pè é ní Skate 4. Wọ́n pè é ní skate., lẹ́tà kékeré, pẹ̀lú àmì ìdánudúró nídìí rẹ̀, bí ẹni tó ní kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò tíì parí o. Ohun tó ń bí wa nínú kò sí lábẹ́ ẹsẹ̀ rárá. Ẹnu ọ̀nà ló wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí bí ìlú inú Skate ṣe rí tẹ́lẹ̀. San Vanelona kì í ṣe ìlú tó fẹ́ràn yín. Nínú Skate 2, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń darí ti jáde wá. Kó tó jáde, ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ MongoCorp ti tún gbogbo ìlú kọ́, ó sì ti sọ ọ́ di tirẹ̀. Wọ́n ti kan irin mọ́ ojú àwọn irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn kí pákó má baà rí i gbà kọjá. Wọ́n kó sìkíọ́rítì káàkiri. Ẹ ò ní tíì gbọ́wọ́ lórí àtẹ̀gùn kan tán tí ọkùnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù á fi sáré jáde, tó máa dì mọ́ yín, tó máa gbé yín lulẹ̀. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ má padà. Ẹ lè sá fún un. Ẹ lè dúró dìgbà tó bá kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ tiẹ̀ lè tẹ ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan láago, Big Black lorúkọ ẹ̀, kó wá bá yín dá sìkíọ́rítì dúró kẹ́ ẹ ráyè fò.

Àwọn kan rò pé sìkíọ́rítì yẹn kàn wà níbẹ̀ láti pani lẹ́rìn-ín ni. Àwa gbà pé òun ni ọkàn géèmù náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi òkúta méjì ṣe òpó góòlù lójú títì rí, tí lándílọ́ọ̀dù jáde, tó gba bọ́ọ̀lù yín, tó fi ọ̀bẹ ya á, ẹ mọ ohun tí à ń sọ. Inú kì í bí lándílọ́ọ̀dù torí bọ́ọ̀lù. Ohun tó ń bí i nínú ni pé ẹ sọ títì di ohun mìíràn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀.

Skateboard bí ọmọ òde ṣe ń gùn ún gan-an kò yàtọ̀ sí ìyẹn. Ìlú kọ́ àtẹ̀gùn fún ẹsẹ̀, ọmọ kan ní òun máa fò ó. Ìlú gbé bẹ́ǹṣì kalẹ̀ fún ìdí, ọmọ kan ní òun máa fi irin abẹ́ pákó họ ọ́. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Gbàgede kan wà láàárín ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ sí LOVE Park, òkúta ìkọ́lé rẹ̀ dán, àtẹ̀gùn rẹ̀ gùn, àwọn ọmọ skateboard sì sọ ọ́ di ibi tí wọ́n mọ̀ dé òkè òkun. Ìjọba ìlú ní kí wọ́n má gun ún níbẹ̀ mọ́. Edmund Bacon, àgbà tó ti jẹ́ olórí ètò ìkọ́lé ìlú náà tẹ́lẹ̀, tí èrò gbàgede yẹn sì ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ wá, inú bí i. Ní ọdún 2002, ẹni ọdún 92 ni, ó dé akoto, ó gun pákó nínú LOVE Park lójú àwọn oníròyìn, wọ́n dì í mú lápá òsì lápá ọ̀tún. Lọ́dún 2004 ilé iṣẹ́ bàtà DC Shoes ní àwọn máa fún ìlú ní mílíọ̀nù kan dọ́là kí wọ́n lè ṣí ibẹ̀ padà fáwọn ọmọ náà. Ìlú ò gbà.

Ní Brazil náà, ní 1988, Jânio Quadros tó jẹ́ mẹ́yọ̀ São Paulo fòfin de gígun skateboard. Luiza Erundina tó gbapò lọ́wọ́ ẹ̀ ló fagi lé òfin yẹn. Nígbà tí wọ́n wá kó skateboard wọ ìdíje Òlíḿpíìkì Tokyo ní 2021, Brazil gba fàdákà mẹ́ta níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbà á ni Rayssa Leal, ọmọ ọdún 13. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín.

Ìyẹn ni Skate àtijọ́ mú wọ inú géèmù. Òfin wà, ẹni tó ni ilẹ̀ wà, ẹ̀yin náà sì wà láàárín àwọn méjèèjì pẹ̀lú pákó kan. Ó jẹ́ àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni òpópónà, wọ́n kàn wọ̀ ọ́ láṣọ eré ni.

Ní báyìí, ẹ wọ San Vansterdam, ìlú inú tuntun. Ó lẹ́wà. Oòrùn ń ràn, ọ̀dà ara ilé mọ́lẹ̀ rekete. Ẹ lè gun ògiri bí ológbò dé orí òrùlé, ẹ lè bẹ́ sílẹ̀ láti ibẹ̀, kò sóhun tó máa ṣe yín tí ẹ ò ní dìde. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan tiẹ̀ wà tí wọ́n ti yí padà pátápátá di ibi ìgun skateboard, wọ́n ń pè é ní House of Rolling Reverence, ó sì tẹ́ wa lọ́rùn ju ibikíbi lọ nínú ìlú náà. Bí ẹ bá fẹ́ pákó dídà síbì kan tí kò sí, ẹ ó gbé e kalẹ̀ fúnra yín, ẹlòmíì tó bá ń kọjá á sì lè lò ó. Ìyẹn dára gan-an, ẹni tó ro ìyẹn kú iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wá sìkíọ́rítì títí, ẹ ò ní rí i. Kò sẹ́ni tó máa lé yín. Kò sí ibi tí wọ́n ní kẹ́ ẹ má wọ̀. Gbogbo ìlú ló fẹ́ kẹ́ ẹ gun skateboard. Wọ́n kọ́ ọ nítorí ẹ̀ ni. Ohùn ẹ̀rọ kan, Vee lorúkọ ẹ̀, á máa tẹ̀ lé yín, á máa júwe ọ̀nà, á máa yìn yín, á máa sọ fún yín pé ẹ ṣe dáadáa nígbà tẹ́yin fúnra yín mọ̀ pé ẹ ò ṣe dáadáa. Ẹ gbọ́ ná, ta ló sọ fún wọn pé ohun tí ọmọ skateboard ń fẹ́ ni kí ìlú máa pàtẹ́wọ́ fún un? Ìlú tí kò sẹ́ni tó sọ pé rárá níbẹ̀, pápá ìṣeré ni. Pápá ìṣeré ò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi pápá ìṣeré pe òpópónà fún wa.

Ibi tí wọ́n kó sìkíọ́rítì lọ gan-an la wá fẹ́ sọ.

Wọ́n gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà géèmù. Skate tuntun kì í ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dá wà nínú ìlú náà, kí ẹ má bá ẹ̀dá alààyè kankan ṣeré, kí ẹ kàn máa fò àtẹ̀gùn kan ṣoṣo láti àárọ̀ dalẹ́, ó ṣì gbọ́dọ̀ bá sáfà sọ̀rọ̀. Sáfà, fún ẹni tí kò bá mọ̀, ni kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó wà lọ́nà jíjìn, tí géèmù gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó gbéra. Bí sáfà ò bá dáhùn, kò sí ìlú. Bí ẹ bá wà lófuurufú tí íntánẹ́ẹ̀tì já, kò sí ibi tẹ́ ẹ máa balẹ̀ sí. Sìkíọ́rítì ti San Vanelona, ẹsẹ̀ ló ní, ẹsẹ̀ náà ni tiyín, ẹ lè sá fún un. Èyí tó wà nínú sáfà kì í sáré, kì í rẹ̀ ẹ́, Big Black ò sì lè dá a dúró.

A mọ̀ pé ní Vancouver, ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí àwáwí. Níbi tí iná kì í lọ, tí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó ń ronú nípa ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí lórí fóònù n'Íbàdàn, l'Ósogbo tàbí ní Ṣàgámù, kò yẹ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún yín. Ní oṣù January ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi owó lé owó wọn, ó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Dátà tí a fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ayé ni, òun la fi ń wá iṣẹ́, òun la fi ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ní báyìí òun náà la tún máa jó fún géèmù tí ẹnìkan ń dá gbá nínú yàrá ẹ̀. Kì í ṣe dátà tẹ́ ẹ fi gbé géèmù náà sọ̀kalẹ̀ nìkan o, ìyẹn ti yàtọ̀. Dátà tó ń lọ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fi wà nínú ìlú wọn ni.

Ẹ wá wo ilé géèmù àdúgbò. PS3 méjì, PS4 méjì, tẹlifíṣàn mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ kan lẹ́yìnkùlé tó ń pariwo ju àwọn ọmọ lọ, àwọn ọmọ náà sì kún orí bẹ́ǹṣì. Ó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ló pọ̀ jù níbẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irú ibẹ̀ yẹn ni CD kan á ti wọlé láti ọwọ́ ẹnìkan tó ti òkè òkun dé, tàbí láti ọjà àlòkù, tí ọmọ mẹ́wàá á sì fi mọ géèmù tí wọn ò tíì gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Ọmọ tí kò ní skateboard, tí kò sí títì dídán ládùúgbò ẹ̀, á mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ollie. CD ò bèèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ kì í bèèrè àṣẹ lọ́wọ́ EA kẹ́ ẹ tó yá ọ̀rẹ́ yín ní Skate 3.

Èyí tó tún dunni ni pé géèmù tuntun yìí ń ṣiṣẹ́ lórí PS4 àti Xbox One. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa gbé e. Wọ́n ṣí fèrèsé, wọ́n wá ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀n-ẹ́n, a gbọ́ ohùn àwọn tó ń sọ pé: ṣebí ọ̀fẹ́ ni? Ẹ ò san kọ́bọ̀, kí lẹ tún fẹ́?

Òótọ́ ni, ẹ ò ní san owó ìwọlé. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ọjà wà nínú ìlú náà, owó ìlú náà sì ń jẹ́ San Van Bucks. Owó gidi lẹ fi ń ra San Van Bucks, San Van Bucks lẹ máa wá fi ra ṣòkòtò, bàtà àti fìlà. Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ kàn fi dọ́là ra ṣòkòtò tààrà? Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra tókìnnì nílé tẹ́tẹ́ rí mọ ìdáhùn. Owó tó ti yí orúkọ padà kì í dun èèyàn nígbà tó bá ń ná an.

Ká má ṣe ojúsàájú. Full Circle ṣèlérí pé kò ní sí àpótí tí à ń fowó rà láìmọ ohun tó wà nínú ẹ̀, àti pé ẹni tó ní owó ò ní tìtorí ìyẹn fò ga ju ẹni tí kò ní lọ. Ó dáa, a gbà. A tún mọ̀ pé bàtà àti pákó olórúkọ ńlá kún inú àwọn Skate àtijọ́ náà. Àmọ́ ilé iṣẹ́ EA yìí kan náà ló ń ṣe géèmù bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní FIFA kó tó di EA Sports FC ní 2023. Àwọn ló ń ta FIFA Points fáwọn ọmọ kí wọ́n lè máa ṣí páálí tí wọn ò mọ agbábọ́ọ̀lù tó wà nínú ẹ̀. Ní January 2019, wọ́n ní láti dá títà á dúró ní Belgium, nítorí àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ níbẹ̀ sọ pé irú páálí bẹ́ẹ̀ tàpá sí òfin tẹ́tẹ́. Torí náà, tí a bá gbọ́ “ọ̀fẹ́” láti ẹnu wọn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká yẹ àpò wa wò.

Àti pé kò tiẹ̀ sí bí wọ́n ṣe lè ta bàtà tí kò sí. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: òwò ni íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀ranyàn yẹn. Tí géèmù bá lè ṣí lórí ẹ̀rọ yín láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹnìkan á rí ọgbọ́n dá sí i, gbogbo ṣòkòtò ilé ìtajà á sì di ti gbogbo ayé. Nítorí ṣòkòtò ni wọ́n ṣe ti ìlú pa. Àwọn ilé iṣẹ́ á sọ pé nítorí kí gbogbo wa lè jọ máa ṣeré ni. Kò burú, ká jọ máa ṣeré. Skate 3 náà jẹ́ kí àwọn èèyàn jọ ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ dá wà lè dá wà.

Àwọn mìíràn ní ká ní sùúrù, pé early access ni, pé ó ṣì wà lórí iná, kò tíì jinná. A ní sùúrù fún ohun tí kò jinná. Bí ọmọ orí pákó bá wọnú ògiri, a ó rẹ́rìn-ín, a ó tún un ṣe. Bí iṣẹ́ inú ìlú bá jọra wọn jù, tó jẹ́ “lọ síbí, fo tọ̀hún” ni ṣáá, wọ́n á fi kún un. Ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀ranyàn kì í ṣe iyọ̀ tí wọ́n gbàgbé láti fi sí ọbẹ̀. Ìkòkò ni. Wọ́n ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Ẹni tó bá ń dúró kí ìkòkò jinná, ẹ bá wa kí i.

Ohun tó wá ń lé wa lóorun jù ni ọjọ́ tí wọ́n máa pa sáfà. Ọjọ́ náà ń bọ̀. Ní December 2014 ni Ubisoft gbé The Crew jáde, géèmù ọkọ̀ tó nílò íntánẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo. Àwọn èèyàn fi owó ara wọn rà á. Ní ọjọ́ 31 oṣù March ọdún 2024, wọ́n pa sáfà, géèmù náà sì kú pátá, ó kú lọ́wọ́ ẹni tó fi CD rà á àti ẹni tó rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí Ross Scott dá ìpolongo Stop Killing Games sílẹ̀, tí àwọn ará Yúróòpù tó lé ní mílíọ̀nù kan sì fọwọ́ sí ìwé pé kí òfin dá sí i. EA fúnra wọn ti kéde pé ọjọ́ 12 oṣù January ọdún 2026 ni àwọn máa pa sáfà Anthem, géèmù tí wọ́n gbé jáde ní 2019 pẹ̀lú ariwo tó kún gbogbo ayé. Ọdún méje ò tíì pé.

Ta ló máa pinnu ọjọ́ ikú skate.? Ọjọ́ 13 lẹ́yìn tí wọ́n ṣí San Vansterdam, EA kéde pé àwọn ti gbà kí àwọn olówó kan ra gbogbo ilé iṣẹ́ náà ní bílíọ̀nù 55 dọ́là: owó ìjọba Saudi Arabia tó ń jẹ́ PIF, Silver Lake, àti Affinity Partners. Bílíọ̀nù 20 nínú owó náà jẹ́ gbèsè. A ò bú olówó. À ń bèèrè ni: nígbà tí ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn ẹ̀ bá jókòó tó ń wo ìwé owó, tó rí i pé títan iná San Vansterdam ń náni ju ohun tí bàtà àti fìlà ń mú wọlé lọ, ṣé ó máa rántí pé àwọn kan fi ọdún 15 dúró de ìlú yìí? Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣe Flick-It kọ́ ló máa wà níbi ìpàdé yẹn.

Skate 3 ní tiẹ̀, ẹ̀rọ tó bá gbé CD rẹ̀ ṣì ń gbá a lónìí. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é, EA Black Box, ti wọlé sùn láti 2013. Àwọn tó ni géèmù náà lọ́wọ́ ò tiẹ̀ ní láti mọ̀ pé ilé iṣẹ́ náà kú.

A ò sì ní dá EA nìkan lẹ́bi fún gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún géèmù àtijọ́ ṣe láìbéèrè ohun tó mú un dára. Ní oṣù July ọdún 2025 kan náà ni Tony Hawk's Pro Skater 3 + 4 jáde. Ẹni tó gbá apá kẹrin ní 2002 á rántí pé òun ló kọ́kọ́ yọ aago ìṣẹ́jú méjì kúrò, tó jẹ́ kẹ́ ẹ máa rìn káàkiri, kẹ́ ẹ máa bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ fún yín. Nínú àtúnṣe yìí, wọ́n dá aago padà. Wọ́n mú apá kẹrin, wọ́n ṣe é bíi ti kẹta. Ó bí wa nínú díẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni. Ẹ san owó ẹ, ẹ gba géèmù yín, ẹ sì mọ ohun tẹ́ ẹ rà.

Ohun tí à ń bèèrè lọ́wọ́ Full Circle àti EA kò pọ̀. Kí wọ́n fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ dá wọ ìlú láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n fi ilé ìtajà wọn, Vee wọn àti àwọn àríyá ìparí ọ̀sẹ̀ wọn sí apá tó ní íntánẹ́ẹ̀tì, a ò bínú, ẹni tó bá fẹ́ á lọ síbẹ̀. Ìlú nìkan la fẹ́, òfìfo, pẹ̀lú àtẹ̀gùn ẹ̀. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí, kí early access tó parí, kí owó àwọn olówó tuntun tó wọlé tán, pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pa sáfà, wọ́n á kọ́kọ́ tú géèmù náà sílẹ̀ kó lè máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ẹni tó bá ní in. Bó bá sì ṣe é ṣe fún wọn, kí wọ́n dá sìkíọ́rítì kan tàbí méjì padà sí Market Mile. A máa ń sáré dáadáa.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, a ó máa gbá a nígbà tí dátà bá wà, nítorí ẹsẹ̀ yẹn dùn, a ti sọ bẹ́ẹ̀ láti òkè. Ṣùgbọ́n San Van Bucks kankan ò ní ti àpò wa jáde. Ẹ̀yin náà, ẹ mú aṣọ tí wọ́n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ wọ̀, ẹ máa fi gun pákó káàkiri San Vansterdam bẹ́ẹ̀.